Ta Ni Ó Ń Búra Ní Orúkọ Àwọn Òbí Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin Ọba, ẹ̀yin Ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ irọ́ ni: irọ́ tí a ń kọ sílẹ̀ ní orúkọ baba tí ó bí wa àti ìyá tí ó pọ̀n wá, tí àwọn àgbà wọ̀nyí kò sì mọ̀ pé a ti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò ta àwọn kan lára. Kí ó ta wọ́n.

Ẹni tí ó bá mọ àgbègbè Ọ̀jọ́, láti ẹnu ọ̀nà Cantonment dé Ìyànà-Ìbà, tí ó sì tún gba títì Bàdágírì lọ sí Okokomaiko, yóò jẹ́ wa lẹ́rìí pé agboolé tí kò ní ọmọ lókè òkun ti ń di ohun tí a ń fi fìtílà wá. Òmíràn ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, òmíràn ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow, òmíràn ń wa ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kò gùn, owó ọkọ̀ òfurufú fún tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta sì ju ohun tí àpò wọn lè gbà lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ pe ìyá àti baba kí wọ́n wá fojú kan ọmọ-ọmọ. Ohun tí ó dára ni. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ní kí ìyá má ṣe gbé ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ìyá tó wọ ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ tọrọ físà ìbẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọmọ tí ó wà lókè òkun kò ráyè. Ó ní kí àbúrò òun tí ó wà nílé bá Màmá ṣe é. Àbúrò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá títì, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń pe ara rẹ̀ ní ẹ́jẹ́ǹtì jókòó sí. Ẹ́jẹ́ǹtì bèèrè ọjọ́ ìbí Màmá, ó bèèrè nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ó sì gba owó. Gbogbo ohun tí ó kù nínú fọ́ọ̀mù náà, láti inú orí ara rẹ̀ ni ó ti mú un jáde. Nígbà tí ó bá yá, Màmá yóò lọ tẹ ìka rẹ̀ ní Ìkẹjà tàbí ní Victoria Island, láìmọ̀ pé nínú ìwé tí ó ti ṣáájú òun lọ, òun ti di ẹni tí ń ta amóhùnmáwòrán ní Ọjà Alábà.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí fọ́ọ̀mù yìí jẹ́. Ẹni tí ń tọrọ físà kì í ṣe ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í ṣe ẹ́jẹ́ǹtì. Òbí fúnra rẹ̀ ni. Ní ìparí rẹ̀ ni òbí náà ti ń sọ pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí a kọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Ìbúra ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí Bíbélì, kò sí Kùránì, kò sì sí irin Ògún níbẹ̀. Láyé àwọn baba wa, bí a bá fẹ́ kí àgbà fi ẹnu kan irin, a ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, yóò gbọ́ ọ yé, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ń búra fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àwa sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. A ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ní òwúrọ̀, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí èké ní ọ̀sán.

Ìyà irọ́ yìí kò sì kéré. Bí Home Office bá rí i pé a fi ayédèrú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ èké tọrọ físà, kì í ṣe pé wọn yóò kọ̀ ọ́ nìkan. Òfin wọn gbà wọ́n láàyè láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni náà fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe nǹkan fún ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tí a bá tì í mọ́ ìta yóò di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí, bí ẹ̀mí bá sì wà ni. Ọmọ tuntun tí ó fẹ́ lọ gbé jó yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ́jẹ́ǹtì ńkọ́? Yóò ti kó lọ sí ìsọ̀ mìíràn, yóò ti yí orúkọ padà, a kò sì ní rí i mú.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú irọ́ wọ̀nyí kò wúlò fún ohunkóhun. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó yẹ̀ wò. Òfin ìbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá iye kan pàtó pé ó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì. Ó sì fi ààyè sílẹ̀ kedere pé ẹlòmíràn tí ó bá ní ìbátan tòótọ́ pẹ̀lú arìnrìn-àjò lè gbé owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ká a, tí òun pàápàá kò sì rú òfin ìgbélùú wọn. Èyí ni pé ọmọbìnrin tí ń ṣe nọ́ọ̀sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé, “Èmi ni mo ń san gbogbo rẹ̀,” kí ó fi ìwé owó oṣù rẹ̀, ìwé báńkì rẹ̀ àti ìwé ilé tí ó ń gbé tì í lẹ́yìn. Kí ni Màmá tún fẹ́ fi owó àyálò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá ṣe nínú àkáǹtì rẹ̀? Owó wọlé ní ọjọ́ Ajé, ó jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Àkáǹtì tí kò ju owó ẹ̀fọ́ àti owó ẹgbẹ́ lọ láti oṣù márùn-ún dédé kún bí odò Ọ̀ṣun ní oṣù kẹsàn-án. Akọ̀wé tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣe afọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ń gba owó àyẹ̀wò ikọ́ ife lọ́wọ́ ẹni tí kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí yóò bá ju oṣù mẹ́fà lọ nìkan ni a ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ta ìwé ọkọ̀ òfurufú fún ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó físà oṣù mẹ́fà láti £115 sí £127. Kí olúkúlùkù bèèrè iye tí òun san fún ẹ́jẹ́ǹtì lórí èyí, kí ó sì bèèrè ohun tí ó fi rà.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ Ọ̀jọ́ ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ogun kan tí ó ti fẹ̀yìntì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí Cantonment ti sọ ilẹ̀ Àwórì yìí di ilé fún irú wọn láti gbogbo ẹ̀yà. Ẹ gbà pé Sájẹ́ǹtì àná ni. Ó wà lára àwọn tí a kó lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG ní 1990. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Ìbà, ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ọmọ kan ṣì ń lọ sí yunifásítì LASU lábẹ́ rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti ọwọ́ Military Pensions Board sì ń wọ àkáǹtì kan náà ní oṣooṣù láti ọdún pípẹ́. Ohun tí àwọn tí ń yẹ ìwé wò ń wá jù ni ohun tí yóò fa àlejò padà sí ilé rẹ̀. Ta ni ó tún ní okùn tí ó yi ju ti ọkùnrin yìí lọ?

Ẹ́jẹ́ǹtì wo gbogbo rẹ̀, ó ní kò tó. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì kéré, ó ní ẹ̀rù sójà ń ba òyìnbó. Ó lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ó sọ Sájẹ́ǹtì di olùdarí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà sì bèèrè, bí ó ti ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, bóyá ẹni náà ti ṣiṣẹ́ rí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, lọ́dọ̀ ìjọba, ní ilé-ẹjọ́ tàbí ní ẹ̀ka aláàbò. Ẹ́jẹ́ǹtì sàmì sí “Rárá.” Ọkùnrin tí ó fi ọgbọ̀n ọdún wà lábẹ́ àsíá, tí ó sin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí Monrovia, ni ọmọ kan tí kò mọ bí ìbọn ti wúwo fi ìka kan sọ di ẹni tí kò ṣe ológun rí! Síbẹ̀, nínú ìwé báńkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà, owó ìfẹ̀yìntì ológun ń wọlé ní oṣooṣù, orúkọ tí ó ń san án sì hàn gbangba. Irọ́ àti ẹ̀rí tí yóò tú u wà nínú àpò kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín.

Ìbéèrè kan tún wà níbẹ̀ nípa ìwà ìkà lójú ogun, èyí tí ó máa ń já àwọn àgbà ológun wa láyà. Kí wọ́n má bẹ̀rù. A ń bi obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ní ìbéèrè kan náà. Kí wọ́n dáhùn bí ọ̀rọ̀ ti rí, kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n wọ iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n jáde, kí wọ́n sì fi ìwé ìfẹ̀yìntì wọn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìbéèrè bóyá a ti kọ físà fún wọn rí ní orílẹ̀-èdè kankan. Ẹni tí a kọ̀ fún ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí ó sì sọ ọ́ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹni tí ó fi í pamọ́ ni ó dá a.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí kò tó kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Láti 1863 ni a ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n òfin tí ó sọ ọ́ di dandan jákèjádò Nàìjíríà tí a ń lò títí di òní, Decree 69, ọdún 1992 ni ó jáde. Ọ̀pọ̀ òbí wa ni a bí ní “ọdún tí eṣú jẹ oko,” tí wọ́n sì ní ọjọ́ ìbí mẹ́ta: ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ibi iṣẹ́ àti ti páásípọ́ọ̀tù. Kí a má ṣe dá ìkẹrin sílẹ̀. Ti páásípọ́ọ̀tù ni kí a lò, kí a gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ National Population Commission, kí a sì fi àlàyé ojú ìwé kan sọ ìdí tí àwọn yòókù fi yàtọ̀.

Ibi tí èdè wa ti gbòòrò ju fọ́ọ̀mù òyìnbó lọ ni ọ̀rọ̀ “ọmọ.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ láti kékeré, ọmọ mi ni, kò sí ẹni tí yóò bá mi jiyàn ní Ọ̀jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́jẹ́ǹtì kọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo bí i, ìwé ìbí ọmọ náà sì dé, ó ń pe orúkọ baba mìíràn. Ohun tí kì í ṣe irọ́ ní èdè wa di irọ́ ní èdè tiwọn. Kí a kọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́: “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin.” Kí a fi ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a san sí i. Àwọn tí wọ́n ní òyìnbó kò lè lóye àṣà wa, nítorí náà kí a purọ́, kí wọ́n rántí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ìjòyè Ìdẹ́jọ ni. Ó bá Herbert Macaulay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ilẹ̀ Àpápá tí Ìjọba gbà. Kò pe ara rẹ̀ ní ohun tí òun kò jẹ́. Bí ẹbí àti ìlú ti ń di ilẹ̀ mú ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ṣàlàyé níwájú Privy Council, ní ọkàn ilẹ̀ ọba náà gan-an, a sì dá a láre ní 1921.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun náà. Ìyá lè wá ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti tọ́jú ọmọ-ọmọ. Ìlànà wọn gbà bẹ́ẹ̀, bí ìbẹ̀wò náà bá mọ níwọ̀n, tí kò sì di iṣẹ́ agbọ́mọ. Nítorí náà, kò sí ìdí láti kọ ọ́ pé Màmá ń bọ̀ wá wo afárá Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí Màmá lo oṣù mẹ́fà, kí ó wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ tún pè é padà, kí ó máa dá gbé ọmọ méjì nínú òtútù nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́ òru: ìbẹ̀wò ni ẹ pè é nínú ìwé, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni nínú ilé. Òfin wọn kò gbà kí àlejò fi ìbẹ̀wò léraléra sọ ara rẹ̀ di ará ilé. Ṣé àṣà tiwa ni ó gbà á?

A kò ní ṣe bí ẹni pé ọwọ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, ọba wọn sì gbà á lálejò. Títí di ìgbà tí òfin 1962 fi dé, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ àkóso wọn lè wọ ibẹ̀ láìtọrọ. Ní 1986 ni wọ́n kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh gbọ́dọ̀ gba físà. Ní 1993 wọ́n mú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kúrò fún àwọn àlejò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000 wọ́n dá a padà fún ẹni tí ń lọ bẹ ẹbí wò. Ní oṣù keje ọdún 2012 wọ́n yọ àbúrò òbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ìyá-ìyá kúrò nínú ẹbí tí a lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2013 wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà. Ní oṣù keje ọdún 2012 kan náà ni ìyípadà mìíràn nínú òfin wọn mú kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe mọ́ fún òbí àgbà láti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé títí. Amẹ́ríkà kò sàn jù: láti 1952 ni òfin wọn ti ń ka ẹni tí ó bá tọrọ físà ìbẹ̀wò sí ẹni tí kò fẹ́ padà, àfi bí ó bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2025 sì ni Ààrẹ wọn kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, a ó dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò dúró. Àìṣòdodo ni púpọ̀ nínú èyí, a ó sì máa wí i.

Ṣùgbọ́n kí ni ó kọ́ wa? Nígbà tí adájọ́ wà, ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lè tún un sọ níwájú rẹ̀. Adájọ́ kò sí mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ fún òbí lónìí, ó kù kí ó tún owó san láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tàbí kí ó gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ pẹ̀lú owó tí ó lè kan òrùlé ilé. Ìwé àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́ ni ẹjọ́, òun náà ni ìdájọ́. Irú àkókò yìí ni a wá rí tí a fi ẹjọ́ náà lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ òbí wa rí!

Àwọn kan yóò wí pé, “Lágbájá sọ òtítọ́, wọ́n sì kọ̀ fún un.” Ó ṣẹlẹ̀, yóò sì tún ṣẹlẹ̀. A kò sọ pé òtítọ́ ń gba físà ní gbogbo ìgbà. Ohun tí a sọ ni pé olóòótọ́ tí a kọ̀ fún lè ka ìdí rẹ̀, kí ó wá ìwé tí ó kù, kí ó sì tún tọrọ ní oṣù tí ń bọ̀. Opúrọ́ tí a mú kò lè tọrọ mọ́ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ẹni tí ó bá rò pé ọgbà kan náà ni àwọn méjèèjì wà, kí ó fi ìyá ara rẹ̀ dán an wò.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ń ti ààfin àti ilé Baálẹ̀ jáde pé lágbájá ní ilé mẹ́wàá àti oko kòkó, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i kò mọ ojú rẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: pé ó jẹ́ Ìyálóde àdúgbò, pé òun ni akápò ẹgbẹ́, pé a ń retí rẹ̀ níbi ọdún. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó bá wù yín, kí a túmọ̀ rẹ̀, kí olùtumọ̀ sì fi orúkọ, ọjọ́ àti àmì ọwọ́ rẹ̀ sí i. (Èdè Wélíìṣì kò nílò ìtumọ̀ lọ́dọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń sọ ọ́ ní Wales kò tó mílíọ̀nù kan, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni èyí.)

Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé tí ó ti fẹ̀yìntì àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó mọ ìwé ní àgbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ̀yin ni iṣẹ́ yìí kàn. Kí ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Kí òbí tí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá kí a tó fi ránṣẹ́, kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun wà lórí fóònù, kí a sì ka ìbéèrè àti ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fún un ní èdè Yorùbá, láti orí dé ìdí. Ibi tí ó bá ti ní, “Èmi kọ́ ni mo sọ èyí,” kí a pa á rẹ́ níbẹ̀. Tábìlì kan, àga mẹ́rin àti ẹnì kan tí ó lè fi ohùn rara ka Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.